Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ FAO àti Gbogbo Àwọn Tó Ń Náwó sí Ìwádìí Oúnjẹ Ẹran Ọ̀sìn: Ẹ Jẹ́ Kí Owó Ìwádìí Dé Ọ̀dọ̀ Ẹran Tó Ń Jẹko

Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀ ní Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Ọ̀gbìn Àgbáyé, àti ẹ̀yin ìjọba, ilé-iṣẹ́ àti àjọ aláàánú tí ẹ ń pín owó fún ìwádìí lórí oúnjẹ ẹran ọ̀sìn,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá. Mo ń kọ lẹ́tà yìí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ oúnjẹ màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún: nínú owó tí ẹ ń ná láti dín methane, gáàsì tó ń mú ayé gbóná, kù lọ́dọ̀ àwọn ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ, ẹ jẹ́ kí èyí tó pọ̀ lọ sí ibi tí àwọn ẹran náà pọ̀ sí, ìyẹn orí pápá, nídìí koríko gbígbẹ àti pòpórò, lọ́dọ̀ ọlọ́sìn tí kò ní ẹ̀rọ tó ń po oúnjẹ pọ̀, tí kò sì lówó láti máa ra èròjà àfikún lójoojúmọ́. Mi ò ní kí ẹ pa iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ tì. Ohun tí mo ń rí ni pé ọ̀rọ̀ èròjà tí a ó fi kún oúnjẹ ti gba gbogbo ẹnu, nígbà tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ fúnra rẹ̀, èyí tó yẹ kó ṣáájú, ti di ohun tí a ń mẹ́nu bà níparí ìpàdé.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ nípa ẹran, mo tọrọ àyè láti sọ bí gáàsì yìí ṣe ń wáyé. Bí màlúù bá jẹko yó, tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, ẹ dúró tì í díẹ̀. Ẹ ó rí i tí nǹkan ń gòkè bọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ wá sí ẹnu. Àpọ̀jẹ rẹ̀ ni. Yóò rún un dáadáa, yóò gbé e mì, kò sì ní pẹ́ tí òmíràn yóò tún gòkè. Láàárín ìyẹn, yóò máa gùfẹ̀ léraléra, wọ́ọ́rọ́wọ́, débi pé ẹni tí kò fara balẹ̀ kò ní mọ̀. Inú ìgùfẹ̀ àti èémí yẹn ni methane ń bá jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìdí ẹran ló ń gbà jáde, ṣùgbọ́n díẹ̀ péré ló ń gba ibẹ̀. Ẹnu àti imú ni èyí tó pọ̀ jù lọ ń gbà.

Inú àpòlúkù ńlá tí a mọ̀ sí ṣàkì ni wọ́n ti ń ṣe é. Nínú màlúù tó ti dàgbà, ṣàkì lè gba ju 100 lítà lọ. Atẹ́gùn oxygen kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀, ooru ibẹ̀ tó ìwọ̀n 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì kún fún oríṣiríṣi kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń bá ẹran fọ́ koríko tí inú ènìyàn kò lè dà. Bí wọ́n ti ń fọ́ koríko náà ni wọ́n ń ṣe àwọn ásíìdì tí ara ẹran ń fà mu, tó sì ń fi ṣe agbára. Hydrogen àti carbon dioxide ló ń ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn. Bí hydrogen bá kóra jọ jù, fífọ́ koríko yóò dẹṣẹ̀ dúró, ẹran kò sì ní rí oúnjẹ rẹ̀ dà. Àwọn kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní archaea ló ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́: wọ́n ń so hydrogen pọ̀ mọ́ carbon dioxide, wọ́n á sì sọ ọ́ di methane àti omi. Nítorí náà, methane kì í ṣe àìsàn tó ń ṣe ẹran, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àṣìṣe. Ọ̀nà tí ṣàkì fi ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ ni, ẹni tó bá sì fẹ́ dí ọ̀nà yẹn gbọ́dọ̀ sọ ibi tí hydrogen yóò gbà.

Síbẹ̀, ìpàdánù ni fún ẹran náà pẹ̀lú. Agbára tó ń bá methane lọ lè jẹ́ láti ìdá 2 títí dé ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo agbára tó wà nínú oúnjẹ tí ẹran jẹ. Bí oúnjẹ bá kún fún ọkà, ìpàdánù náà máa ń kéré, nítorí pé irú ásíìdì tí ọkà ń mú wá máa ń lo hydrogen fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ koríko tó ti gbó, tó ti le, tí kò ní èròjà amáradàgbà tó, ìpàdánù náà máa ń pọ̀. Ẹran tí oúnjẹ rẹ̀ burú jù ni ó ń fi oúnjẹ tirẹ̀ ṣòfò jù, olówó rẹ̀ sì ni ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù láti gba irú òfò bẹ́ẹ̀ mọ́ra.

N kò ní pẹ́ lórí ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi jẹ́ kánjúkánjú, torí ẹ̀yin mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Nǹkan bí ọdún 12 ni methane ń lò lójú ọ̀run kó tó tú ká. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ogún ọdún wọn agbára tó fi ń mú ayé gbóná, ó tó nǹkan bí ìlọ́po 80 ti carbon dioxide, bí a bá sì fi ọgọ́rùn-ún ọdún wọn ọ́n, ó tó nǹkan bí ìlọ́po 27. Tí a bá ka ìgbẹ́ wọn mọ́ ọn, ẹran ọ̀sìn ló ń fa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo methane tó ń ti ọwọ́ ènìyàn wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, nígbà ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow, àwọn orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún ṣèlérí láti jùmọ̀ dín methane tí ènìyàn ń fà kù, ó kéré tán pẹ̀lú ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ti ọdún 2020, kí ọdún 2030 tó parí. Àkókò tó kù kò pọ̀ mọ́. Nítorí pé gáàsì yìí kì í pẹ́ lójú ọ̀run, ẹni tó bá dín in kù lónìí lè rí èrè rẹ̀ ní ojú ayé ara rẹ̀, ìyẹn ló sì mú kí n gbà pé a kò gbọdọ̀ ṣi owó ná lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn olùwádìí ti ṣe lórí èròjà àfikún, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n. Èròjà 3-NOP, tí wọ́n ń tà pẹ̀lú orúkọ Bovaer, máa ń dí ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tó ń mú iṣẹ́ yá, tí àwọn archaea ń lò níparí iṣẹ́ wọn lọ́wọ́. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2015, èyí tí àwọn onímọ̀ ní Pennsylvania State University darí, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 12 tọ́jú màlúù oníwàrà 48. Methane dín kù pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, wàrà kò sì dín kù. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fàṣẹ sí i fún màlúù oníwàrà ní 2022, Amẹ́ríkà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024. Ewéko inú òkun tó ń jẹ́ Asparagopsis tún lágbára ju ìyẹn lọ. Nínú ìwádìí tí àwọn ará University of California ní Davis tẹ̀ jáde ní 2021, tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 21 ṣe lórí akọ màlúù tí wọ́n ń bọ́ fún ẹran, ó dín methane kù tó nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tó dára jù.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wo ìgbà tó dára jù yẹn fínnífínní. Ìgbà tí oúnjẹ màlúù náà kún fún ọkà, tí koríko inú rẹ̀ kéré, ni ó dára jù. Nígbà tí koríko pọ̀, agbára ewéko náà rẹlẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ 3-NOP rí: bí èròjà líle inú koríko ti ń pọ̀ sí i nínú oúnjẹ ni iṣẹ́ rẹ̀ ń dín kù. Yàtọ̀ sí èyí, 3-NOP kì í pẹ́ nínú ṣàkì, ó sì gbọ́dọ̀ máa bá oúnjẹ wọlé díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ọjọ́. Èyí rọrùn níbi tí ẹ̀rọ ti ń po oúnjẹ, tí màlúù ń jẹ láti inú ọpọ́n kan náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ta ni yóò wá máa tẹ̀ lé màlúù tó ń rìn kiri pápá láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó jẹ́ pé omi nìkan ló ń mú un padà wá sí ojú kan? Àwọn kan ti ń ṣiṣẹ́ lórí oògùn tí yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ṣàkì, iṣẹ́ tó dára ni, kí Ọlọ́run ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ti ewéko òkun, èròjà bromoform tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ṣì ń béèrè ìṣọ́ra, torí pé wọ́n ti rí i nínú wàrà àti ìtọ̀ màlúù nínú ìwádìí kan ní Netherlands, àwọn màlúù kan kì í sì í fẹ́ jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá pò ó mọ́.

Ìbéèrè mìíràn tún wà tí a kì í sábàá gbọ́, ìyẹn ni ohun tí ọlọ́sìn máa jẹ níbẹ̀. Bí èròjà kan bá dín methane kù, tí wàrà kò pọ̀ sí i, tí ẹran kò sì sanra sí i, owó ni ọlọ́sìn kàn ń san fún ire gbogbo ayé. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè rí ẹni tí yóò san án padà fún un. Ẹni tó ní abo màlúù mẹ́rin, tó ń ta wàrà láti fi san owó ilé ìwé ọmọ, kò ní rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá wúwo nínú ẹrù ni olóhun ń gbé, ibi tó sì wúwo nínú ẹrù tirẹ̀ ni ebi tó ń pa ẹran rẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí owó yín lọ. Ìròyìn tí ẹ̀yin FAO fúnra yín gbé jáde ní ọdún 2010 nípa màlúù oníwàrà wà nílẹ̀. Bí a bá ka gbogbo gáàsì tó ń mú ayé gbóná pọ̀, tí a sì sọ wọ́n di òṣùwọ̀n carbon dioxide, kílò wàrà kan ní àwọn ilẹ̀ tó ti lọ́rọ̀ ń fa kílò kan sí méjì. Ní Áfíríkà tó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, kílò wàrà kan náà ń fa nǹkan bí kílò 7.5. Kì í ṣe pé màlúù tibí ń gùfẹ̀ ju ti ọ̀hún lọ lójúmọ́. Kódà, èyí tó ń fún ni ní wàrà púpọ̀ ló ń gùfẹ̀ jù, torí òun ló ń jẹun jù. Ohun tó fà á ni pé gbogbo màlúù ló gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ tí yóò kàn fi wà láàyè kó tó ṣe wàrà kankan. Màlúù tó ń fúnni ní lítà méjì lójúmọ́ àti èyí tó ń fúnni ní lítà ogún jọ ń san gbèsè yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń pín in sórí lítà méjì, èkejì ń pín in sórí ogún. Ẹ wá fi ti ẹgbọrọ màlúù tó pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó bímọ àkọ́kọ́ kún un, tó fi gbogbo ọdún yẹn gùfẹ̀ láìfún ẹnikẹ́ni ní wàrà, àti ti èyí tó ń sanra nígbà òjò, tó sì ń pàdánù ohun tó sanra nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó jẹ́ pé kílò ẹran kan náà ló ń tún fi oúnjẹ kọ́ lọ́dọọdún.

Àwọn olùwádìí tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ILRI, ilé-iṣẹ́ ìwádìí àgbáyé lórí ẹran ọ̀sìn, ní Nairobi ṣe ohun tí mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń pín owó ìwádìí kà. Wọ́n bọ́ màlúù ní ìwọ̀n tó kéré sí èyí tí yóò fi dúró ní ìwọ̀n ara rẹ̀, bí ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ń bọ́ ẹran gan-an, wọ́n sì wọn methane rẹ̀ nínú yàrá àdádúró tí a fi ń wọn èémí ẹran. Iṣẹ́ náà, tó jáde ní 2020, fi hàn pé methane tó ń jáde lórí kílò oúnjẹ kọ̀ọ̀kan lọ sókè nígbà tí ebi ń pa ẹran gan-an. Oúnjẹ díẹ̀ tó wà nínú ṣàkì kì í tètè kọjá, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ sì ń rí àyè fọ́ ọ pẹ́. A ti ń fi òṣùwọ̀n tí a mú lára ẹran tó yó díwọ̀n ẹran tí ebi ń pa láti ọjọ́ pípẹ́, láìsí ẹni tó lọ wò ó.

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá bọ́ ẹran dáadáa, methane lórí lítà wàrà yóò dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọlọ́sìn yóò ní ẹran sí i, àpapọ̀ gáàsì yóò sì pọ̀ sí i. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn kì í kó ẹran jọ nítorí pé wọ́n fẹ́ràn iye. Wọ́n ń kó o jọ nítorí pé ọ̀gbẹlẹ̀ tàbí àrùn lè mú ìdajì lọ, kí ó má bàa di pé ọwọ́ wọn ṣófo. Ẹni tó bá dá a lójú pé màlúù mẹ́ta tó yó yóò la ẹ̀ẹ̀rùn já kò ní ìdí láti tọ́jú méje tó rù. Nítorí náà, ètò oúnjẹ gbọ́dọ̀ bá ètò ìlera ẹran àti ọ̀nà ọjà rìn, kí a sì máa ka àpapọ̀ methane àti methane lórí kílò wàrà tàbí ẹran pa pọ̀ nínú gbogbo ìròyìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé èyí tó dùn mọ́ ọn nìkan jáde.

Irú iṣẹ́ wo ni mo ń sọ? Ẹ jẹ́ kí n mú koríko ìrẹsì gbígbẹ bí àpẹẹrẹ. Ó le, èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ kéré púpọ̀, síbẹ̀ òun ni oúnjẹ ẹran fún ọ̀pọ̀ oṣù níbi púpọ̀ láyé. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé tí a bá pò kílò mẹ́rin yúríà (irú ajílẹ̀ kan) mọ́ nǹkan bí 50 lítà omi, tí a wọ́n ọn sórí 100 kílò koríko náà ní ìpele-ìpele, tí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, tí a sì fi ọ̀rá bò ó pinpin fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbi tí ojú ọjọ́ bá móoru, yóò rọ̀, inú ẹran yóò sì túbọ̀ lè dà á. Nígbà tí wọ́n bá ṣí ọ̀rá náà, òórùn ammonia yóò ta sáfẹ́fẹ́ débi pé ojú yóò máa ṣomi, a sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i kó tó di pé a gbé e fún ẹran. Àwọ̀ koríko náà yóò ti pọ́n, ọwọ́ yóò sì lè ká a láìdún wàràwàrà. Ẹran tí kì í fẹ́ fẹnu kàn án tẹ́lẹ̀ yóò jẹ ẹ́ tán.

Bí ó ti dára tó yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti pa á tì. Yúríà wọ́n, ọ̀rá ń ya, omi jìnnà, iṣẹ́ náà sì bọ́ sí àkókò ìkórè nígbà tí kò sí ọwọ́ tó ṣófo nínú ilé. Ewu tún wà níbẹ̀, torí yúríà tí wọn kò pò dáadáa lè pa ẹran. Àwọn ìdí wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí a lè fi ìwàásù tàbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan yanjú. Ìbéèrè ìwádìí ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè nípa ẹ́ńsáìmù inú archaea ṣe jẹ́ ìbéèrè ìwádìí. Èwo ló lè rọ́pò ọ̀rá? Ṣé ẹ̀yà ìrẹsì tàbí àgbàdo tí pòpórò rẹ̀ rọ̀ fún ẹran lè wà láì dín ọkà rẹ̀ kù? Mélòó ni methane ń dín kù lórí lítà wàrà kan láàárín ọdún gbáko, pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀rùn inú rẹ̀, tí a bá ka owó yúríà àti gáàsì tí ṣíṣe yúríà fúnra rẹ̀ ń tú jáde mọ́ ọn? Onímọ̀ tó bá dáhùn ìwọ̀nyí dáadáa ti ṣe iṣẹ́ tó ga, ó sì yẹ kí a fi oyè àti owó dá a lọ́lá bí a ti ń ṣe fún ẹni tó ṣàwárí èròjà tuntun.

Igi Leucaena tún jẹ́ ẹ̀rí pé irú ìwádìí báyìí lè so èso ńlá. Mexico àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni igi náà ti wá, ewé rẹ̀ kún fún èròjà amáradàgbà, ó sì ní tannin nínú, ìyẹn èròjà tó ń mú kí ewé korò lẹ́nu. Ìwádìí púpọ̀ ti fi hàn pé ẹran tó bá ń jẹ ẹ́ mọ́ koríko máa ń sanra sí i, methane rẹ̀ lórí kílò oúnjẹ sì máa ń dín kù. Ṣùgbọ́n èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ mimosine, tó ń ṣe ẹran léṣe bí ó bá jẹ ẹ́ jù. Ní Australia, irun màlúù ń re, ọ̀fun wọn ń wú, àwọn ọlọ́sìn sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Raymond Jones, tó jẹ́ onímọ̀ ní CSIRO, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba Australia, kíyè sí i pé àwọn ewúrẹ́ ní Hawaii ń jẹ ewé kan náà, ohunkóhun kò sì ṣe wọ́n. Kòkòrò kan nínú ṣàkì wọn ló ń sọ májèlé náà di aláìlágbára. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n gbé kòkòrò náà lọ sí Australia, wọ́n fi í sínú ṣàkì àwọn ẹran níbẹ̀, ó sì ń ràn láti ara ẹran kan sí òmíràn nínú agbo. Ní 1992, wọ́n fi orúkọ Jones sọ ọ́: Synergistes jonesii. Èmi a máa ka ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, torí ibi tí ìwádìí náà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹnìkan fara balẹ̀ wo ohun tí ẹran ń jẹ níbi tó wà. Igi náà kò yẹ gbogbo ilẹ̀, ó lè di èpò tí apá kò ká níbi tí a kò bá ti máa gé e. Mélòó ni àwọn igi àti ewéko ìbílẹ̀ mìíràn tí darandaran mọ̀ pé ẹran ń wá kiri, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé wọ yàrá ìwádìí?

Mo wá dé orí ohun tó ń dùn mí jù. Ìwé tí a fi ń ka gáàsì kò jẹ́ kí iṣẹ́ oúnjẹ hàn. Nínú ìlànà IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, ti ọdún 2006, tí wọ́n tún ṣe ní 2019, ọ̀nà tó rọrùn jù tí orílẹ̀-èdè lè fi ka methane ẹran ni èyí tí wọ́n ń pè ní Tier 1: kí a mú iye ẹran, kí a sì sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú òǹkà kan tí wọ́n ti fi lélẹ̀ fún irú ẹran bẹ́ẹ̀ ní agbègbè bẹ́ẹ̀. Nínú ìṣirò yìí, màlúù tó ń jẹ pòpórò gbígbẹ àti èyí tó ń jẹ ewé tútù pẹ̀lú koríko tó dára jẹ́ ọ̀kan náà. Orílẹ̀-èdè lè ná owó rẹ̀, kí ó tún pápá rẹ̀ ṣe, kí wàrà orí màlúù kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì, nọ́ńbà orí ìwé rẹ̀ kò sì ní yí padà rárá. Ohun kan ṣoṣo tí ìwé náà lè yìn ín fún ni kí ó pa ẹran rẹ̀ tàbí kí ó tà wọ́n. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ṣòro láti rọ mínísítà ìnáwó pé kó náwó sí ohun tí ìṣirò kò lè rí.

Láti bọ́ sí Tier 2, ìyẹn ìpele ìṣirò tó tẹ̀ lé e, a ní láti mọ ìwọ̀n ara ẹran, wàrà rẹ̀, ohun tó ń jẹ, àti bí inú rẹ̀ ṣe ń dà á tó ní ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣẹ́ yìí kò ní orúkọ tó dún. Kò sí ìwé ìròyìn tí yóò gbé e sójú ewé àkọ́kọ́ pé ẹnìkan gé koríko pápá lóṣooṣù, tó gbẹ ẹ́, tó sì wọn èròjà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láìsí òǹkà yẹn, èròjà àfikún tó dára jù láyé kò ní rí ibi tí a ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ẹ̀rọ tí ẹran ń ki orí bọ̀ láti jẹ oúnjẹ díẹ̀ kí a lè wọn èémí rẹ̀, àti yàrá àdádúró irú èyí tó wà ní Nairobi, ṣọ̀wọ́n gan-an ní àwọn ilẹ̀ tí ẹran pọ̀ sí jù, ó sì yẹ kí àwọn orílẹ̀-èdè tó bá ara wọn pààlà lè jùmọ̀ ra ọ̀kan kí wọ́n sì jùmọ̀ máa lò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀, ohun tí mo ń béèrè rèé. Nínú gbogbo ìpè fún ìwádìí tí ẹ bá fi síta lórí methane, ẹ ya ìdajì owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹran tó ń jẹko àti èyí tó ń jẹ ìyókù irè oko, kí ẹ má sì fọwọ́ sí ìwádìí kankan lórí wọn tí kò gba ọdún kan gbáko, kí ẹ̀ẹ̀rùn lè wà nínú rẹ̀. Kí olùwádìí kọ ìwọ̀n oúnjẹ tí ẹran jẹ, wàrà tàbí ìwọ̀n ara tó mú wá, owó tó náni, àti iye wákàtí iṣẹ́ tó gbà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́ nínú ilé, torí lọ́pọ̀ ibi àwọn obìnrin ló ń fún wàrà tó sì ń gé koríko, a kì í sì í bi wọ́n. Kí wọ́n tẹ èsì tó kùnà jáde gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń tẹ èyí tó yọrí. Kí àwọn ọlọ́sìn àti darandaran jókòó níbi tí a ti ń yan ìbéèrè ìwádìí, kí a má ṣe máa pè wọ́n wá gbọ́ èsì nìkan. Ní ti àjọ FAO, ẹ fi àwọn òṣìṣẹ́ yín ran àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣì wà lórí Tier 1 lọ́wọ́ títí wọn yóò fi kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì kó gbogbo òǹkà nípa èròjà inú koríko àti ewé ẹran tó wà káàkiri nínú àkọsílẹ̀ àwọn yunifásítì sí ojú kan tí ẹnikẹ́ni lè kà láìsanwó.

Mo mọ̀ pé ẹ kò lè ṣe gbogbo èyí lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan péré ni ẹ lè mú ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ mú ti òǹkà Tier 2, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ tí ẹran pọ̀ sí jù tí àkọsílẹ̀ sì kéré sí jù, kí ẹ sì kéde orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹ máa kọ́kọ́ lọ kí àwọn onímọ̀ tó wà níbẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀ dè yín.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀,
Olùkọ́ kan nídìí ìmọ̀ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn